Ewé Tó Pọ́n Nínú Òkun Hawaii

Ṣebí gbogbo wa la wo Finding Nemo, fíìmù 2003 yẹn? Dory, ẹja búlúù onígbàgbé inú rẹ̀, ọmọ ìdílé ẹja kan ni, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní surgeonfish. Wọ́n tún máa ń pe púpọ̀ nínú wọn ní tang. Ká sòótọ́, mo rò pé ayàwòrán ló hùmọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí mo ń kàwé nípa wọn ni mo bá ìbátan rẹ̀ kan pàdé ní Hawaii, òun ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Oníṣẹ́-abẹ ni ìtumọ̀ orúkọ ìdílé wọn. Abẹ wà nídìí ìrù wọn lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹja tó bá fín in níràn, ìrù ló máa jù sí i. (Èmi ì bá pè é ní ẹja olóòlà. Ẹ bá mi wò ó.) Ọ̀kan wà létíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa náà, nígbà tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé sáyẹ́ǹsì ní 1876, ìlú Monrovia ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ti Hawaii pọ́n bí ìyeyè láti orí dé ìrù, àfi abẹ rẹ̀ tó funfun. Ní 1828 ni Edward Turner Bennett fún un lórúkọ Látìn. Àwọn oníṣòwò ń pè é ní yellow tang. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ onílẹ̀ ní orúkọ tiwọn: lauʻīpala. Ewé igi kan tí wọ́n fi ń di oúnjẹ, bí ìyá ẹlẹ́kọ tiwa ṣe ń lo ewé, ni wọ́n ń pè ní lauʻī. Pala ni kí nǹkan pọ́n. Ẹ̀yin tá a jọ ń ṣe Yorùbá, ẹ gbọ́ o: tá a bá ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n, àwọ̀ rẹ̀ là ń sọ, àkókò jíjẹ rẹ̀ náà là ń sọ. Pala náà rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ yìí ni mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn.

Iṣẹ́ ẹja yìí ni jíjẹ ewéko kéékèèké tó ń hù lára àpáta iyùn. Ó tún máa ń jẹ èyí tó hù sẹ́yìn ìjàpá òkun, ìjàpá á sì dúró jẹ́ẹ́ fún un. Ó lè lò tó ọdún 41. Ó ju ọjọ́ orí mi lọ dáadáa!

Àwọ̀ rẹ̀ ló kó bá a. Láti 1953 ni ìjọba ibẹ̀ ti ní òfin ìwé àṣẹ fún kíkó ẹja tí wọ́n ń fi sínú àpótí gíláàsì. Etíkun Kona ni ọjà náà ti gbóná jù. Nínú ẹja 10 tí wọ́n ń kó níbẹ̀, bí 8 jẹ́ lauʻīpala, àwọn ọmọdé rẹ̀ pàápàá, torí wọ́n gba inú àpótí. Àwọn ará ibẹ̀ fárí gá. Ní 1998, òfin jáde. Nígbà tí 1999 fi máa parí, wọ́n ti ti ibi 9 pa mọ́ àwọn akẹ́jà yìí, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta etíkun náà. Ẹja sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀ ìjà ò tán. Ní 2017, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Hawaii ní ìwé àṣẹ ò gbọdọ̀ jáde láìkọ́kọ́ yẹ ohun tí ìkẹ́ja náà ń ṣe sí àyíká wò.

Ẹ lè ní kí ló dé tí wọn ò sìn ín bí adìyẹ. Wọ́n gbìyànjú títí! Ojú òkun ló ń da ẹyin rẹ̀ sí. Ọmọ tó bá pa á máa léfòó kiri bí oṣù méjì, ẹnu rẹ̀ sì kéré débi pé oúnjẹ tó máa wọ̀ ọ́ ṣòro rí. 2015 ni Oceanic Institute ní Hawaii ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́ ọ yè. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tọ́ irú Dory náà yè ní Florida.

Inú mi dùn sí i, mi ò purọ́. Àmọ́ èyí tí wọ́n bí sínú agbada, tí ò rí òkun rí, tí ìjàpá kankan ò dúró dè rí, ṣé lauʻīpala ni ká máa pè é, àbí ká fi yellow tang sílẹ̀ fún un? Mo ti bi yàrá mi. Wọ́n ní ẹja ni ká máa pè é.