Ta Ni "Àwa" Inú Fíìmù Anatahan?

Ní oṣù kẹfà ọdún 1944, nígbà tí Amẹ́ríkà ń gbógun bọ̀ wá sí erékùṣù Saipan, àwọn ọkọ̀ òfurufú wọn rọ̀jò bọ́ǹbù lé àwọn ọkọ̀ ojú omi kan tó ń kó ẹrù fún ọmọ ogun Japan lórí òkun Pàsífíìkì. Àwọn sójà àti atukọ̀ tí omi kò gbé lọ lúwẹ̀ẹ́ dé Anatahan, erékùṣù kékeré kan tí òkè ayọnáyèéfín wà láàárín rẹ̀. Wọ́n lé ní 30. Wọ́n bá ọkùnrin ará Japan kan níbẹ̀ tó jẹ́ alábòójútó oko àgbọn, àti Kazuko Higa, ọmọbìnrin Okinawa kan tí ọkọ rẹ̀ ti lọ sí erékùṣù mìíràn tí kò sì padà.

Ogun parí ní oṣù kẹjọ ọdún 1945, ṣùgbọ́n kò parí ní Anatahan. Àwọn Amẹ́ríkà kéde, wọ́n já ìwé sílẹ̀ láti òkè, àwọn ọkùnrin náà ní ẹ̀tàn ọ̀tá ni. Ẹni tí a ti kọ́ pé kí ọmọ ogun kú sàn ju kí ó túúbá lọ, báwo ni yóò ṣe gba bébà lásán gbọ́? Wọ́n ń jẹ àgbọn àti alángbá, wọ́n ń mu ẹmu àgbọn. Nígbà tó yá, wọ́n rí àwókù ọkọ̀ òfurufú B-29 kan nínú igbó. Wọ́n fi irin rẹ̀ rọ ọ̀bẹ, wọ́n fi aṣọ páráṣúùtì inú rẹ̀ dáṣọ, wọ́n sì rí ìbọn ìléwọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹni tó ní ìbọn ló ní àṣẹ, ìjà obìnrin sì di ìjà ikú. Ní ọdún 1950, Higa sá jáde sí etíkun, ó sì bá ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan lọ. Lẹ́tà tí àwọn ẹbí fi ọwọ́ ara wọn kọ ló wá yí ọkàn àwọn ọkùnrin náà padà. Ní òpin oṣù kẹfà ọdún 1951, nǹkan bí 20 nínú wọn jáde.

Àwọn ìwé ìròyìn Japan kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Wọ́n sọ Higa di "ayaba Anatahan", wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ tajà. Michiro Maruyama, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà, kọ ìwé nípa ohun tí ojú wọn rí. Ìwé yìí ni Josef von Sternberg mú, tó fi ṣe fíìmù tó jáde ní ọdún 1953.

Sternberg kì í ṣe ará Japan, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ èdè wọn. Vienna ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1894, Amẹ́ríkà ló sì ti di olókìkí, nítorí àwọn fíìmù tó ṣe pẹ̀lú òṣèrébìnrin Marlene Dietrich ní àwọn ọdún 1930. Nígbà tí ọdún 1952 fi máa pé, ìràwọ̀ rẹ̀ ti wọ̀ọ̀kùn ní Hollywood. Nagamasa Kawakita, gbajúgbajà oníṣòwò fíìmù ní Japan, wà lára àwọn tó náwó iṣẹ́ náà. Kawakita yìí kan náà ló pe Arnold Fanck láti Jámánì wá ṣe fíìmù ní Japan ṣáájú ogun. Fanck àti Mansaku Itami, olùdarí ọmọ Japan tí wọ́n fi tì í, kò gbọ́ra wọn yé, kálukú sì gbé ẹ̀yà tirẹ̀ jáde ní ọdún 1937. Ẹni tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí ìbá yẹra fún àlejò olùdarí. Kawakita kò yẹra.

Sternberg kò lọ sí Anatahan. Inú gbọ̀ngàn ńlá kan ní Kyoto ló ti fi ọwọ́ ṣẹ̀dá erékùṣù náà: ó to ẹ̀ka àti gbòǹgbò igi jọ, ó fi bébà àti lẹ́ẹ̀ mọ òmíràn, ó fi ọ̀rá tó ń dán ṣe ewé kí iná lè máa ta lára rẹ̀. Òun ló kọ ọ̀rọ̀ fíìmù, òun ló darí rẹ̀, òun náà ló ṣètò àwòrán rẹ̀. Ògbufọ̀ ló ń bá a bá àwọn eléré sọ̀rọ̀. Akemi Negishi, ọ̀dọ́ oníjó láti Tokyo, ló ṣe Keiko, ìyẹn obìnrin erékùṣù náà. Akira Ifukube tó kọ orin Godzilla ní ọdún 1954 ló kọ orin rẹ̀. Igbó yìí kò jọ igbó gidi, kò sì gbìyànjú láti jọ ọ́. Ó jọ àlá ẹni tí ibà ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ibi tí fíìmù yìí ti yàtọ̀ pátápátá ni ohùn. Èdè Japan ni àwọn eléré ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú ẹ̀yà tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù wò, kò sí ẹni tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn. Ohùn kan ló gorí tiwọn, ohùn Sternberg fúnra rẹ̀, tó ń sọ ìtàn náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. "Àwa" ni ohùn náà ń pe ara rẹ̀: ebi pa wá, a mutí, a pa ara wa.

Akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín asọ̀tàn arínúróde àti asọ̀tàn ojúmitó. Ohùn yìí kò bọ́ sí ọ̀kan nínú méjèèjì. Ó ní òun wà níbẹ̀, síbẹ̀ kò sí ojú kan láàárín àwọn ọkùnrin náà tí a lè nawọ́ sí pé òun ló ń sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dé ibi ìpànìyàn, ohùn náà á jẹ́wọ́ pé àwọn kò fojú rí i, pé ńṣe ni àwọn ń so àfọ́kù rẹ̀ pọ̀. Ìjẹ́wọ́ yìí ló gba Sternberg là. Àlejò tó bá ń sọ ìtàn onílé bí ẹni pé kò sí ohun tó pamọ́ fún un, irọ́ ló ń pa.

Onílé kò tìtorí ìyẹn yọ̀ǹda. Ojú ọgbẹ́ ni ìtàn náà ṣì jẹ́ ní Japan. Ìjọba ológun Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí wọn ní oṣù kẹrin ọdún 1952 ni, ohùn Amẹ́ríkà mìíràn ló tún wá ń ròyìn ìtìjú wọn yìí. Àwọn alárìíwísí bẹnu àtẹ́ lu fíìmù náà, àwọn òǹwòran kò sì dà gììrì lọ wò ó. Sternberg, tó kú ní ọdún 1969, kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà: ó ní iṣẹ́ òun tó dára jù lọ ni, òun náà ló sì kùnà jù.

Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ọ́ǹ. Ní ọdún 1953 kan náà, fíìmù mìíràn jáde ní Japan lórí ọ̀rọ̀ yìí, Higa fúnra rẹ̀ ló sì ṣe ipa ara rẹ̀ nínú rẹ̀. A kò lè ní òtítọ́ pọ́ńbélé nìyẹn. Àwọn tó gbé e jáde mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ ń pawó. Ṣùgbọ́n tí àlejò ni ayé ń wò títí di òní, tí wọ́n sì ń fi kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ fíìmù. Ti oníkàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìgbàgbé.

Ní òpin Anatahan, àwọn tó yè balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú ní Japan. Ẹbí dúró dè wọ́n, kámẹ́rà ń kọ mànà. Wọ́n ń jáde bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ti kú ní erékùṣù náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jáde láti inú òkùnkùn, wọ́n kọjú sí iná. Keiko dúró níbẹ̀, ó ń wò wọ́n. Kò sọ ohunkóhun.