Ààbò lójú títì: ibi tí iná ọkọ̀ mọ lálẹ́

Nígbà tí ọ̀nà wa ṣì jẹ́ ọ̀nà erùpẹ̀, ihò àti ẹrẹ̀ ló ń dá ọkọ̀ dúró. Wọ́n wá da ọ̀dà sí i, inú gbogbo wa dùn, nítorí aboyún ń tètè dé ilé ìwòsàn, iṣu àti tòmátì ń dé Kútọnu kí wọ́n tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń gbé ẹ̀bá títì ò yí ìrìn wa padà. A ṣì ń sá àgbàdo sí etí goudron, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ewúrẹ́ ń sùn sórí rẹ̀ nírọ̀lẹ́ torí pé ó gbóná.

Ẹ wo títì RNIE 2, tó ti Kútọnu gba Bohicon, Ìdáàṣà àti Ṣábẹ lọ sí Parakou títí dé Malanville. Orí rẹ̀ ni bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò àti camion tó ń kó ẹrù láti èbúté ti ń pàdé. Ní ọjọ́ 29 janvier 2023, bọ́ọ̀sì kan àti camion kan forí sọ ara wọn ní Ìdáàṣà, iná sọ, àwọn tó kú lé ní 20. Irú èyí la máa ń gbọ́ lórí rédíò. Èyí tí a kì í gbọ́ ni ti ìyá kan tó ń lọ sọ́jà ní agogo mẹ́rin ìdájí, tàbí ti ọmọ tó fẹ́ sọdá. Bẹ́ẹ̀ àjọ OMS sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti 2023 pé nǹkan bíi 1.190.000 ènìyàn ni jàǹbá ojú títì ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, àti pé ó ju ìdajì wọn lọ tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ àti àwọn tó wà lórí alùpùpù.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ jù lọ ni ìṣirò kan. Iná kúkúrú ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní code, ń fi nǹkan bíi 30 mítà ọ̀nà han awakọ̀. Iná gígùn, ìyẹn phare, lè dé 100 mítà, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ tàn án bí ọkọ̀ mìíràn bá ń bọ̀ níwájú. Ó wá di 30 mítà. Ẹ jáde síta, kí ẹ ka ìgbésẹ̀ 40: ibẹ̀ náà nìyẹn, kò jìnnà rárá. Ọkọ̀ tó ń sá 90 km lóri wákàtí kan ń lọ ní mítà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí awakọ̀ tó rí yín, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan frein, mítà 25 yẹn ti lọ. Kí ọkọ̀ tó wá dúró, ó tún fẹ́ẹ̀ẹ́ tó mítà 45, bí goudron bá gbẹ tí frein sì dára. Gbogbo rẹ̀, mítà 70. Ẹni tó wà ní mítà 30 ńkọ́? Awakọ̀ rí i, ṣùgbọ́n kò lè dúró mọ́. Bí ó bá jẹ́ 50 ló ń sá, nǹkan bíi mítà 28 ni yóò ti dúró. Ìdí nìyẹn tí pátákó 50 tó wà ní ẹnu ìlú kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá nìkan. Bí òjò bá rọ̀, tàbí tí camion bá kún fún ẹrù, ẹ fi kún mítà yẹn dáadáa.

Nítorí náà, ẹlẹ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n tètè rí òun. Apá ọ̀tún ni ọkọ̀ ń gbà nílẹ̀ wa, ní Benin àti ní Togo. Ẹ rìn ní apá òsì, kí ẹ lè kojú ọkọ̀ tó ń bọ̀. Èyí ṣe pàtàkì fún àwọn ìyá wa tó ru ẹrù, torí ẹni tó ru agbọ̀n sórí ò lè bojú wẹ̀yìn. Aṣọ aró dára púpọ̀ níbi òde, àmọ́ lálẹ́ kò yàtọ̀ sí òkùnkùn. Ẹ fi aṣọ funfun wé ẹrù, tàbí kí ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Kaki tí àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ń wọ̀ náà dà bí àwọ̀ erùpẹ̀, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí eruku bo ojú ọ̀nà. Ọmọdé ò sì mọ bí ọkọ̀ ṣe yá tó, ẹ má jẹ́ kó dá sọdá.

Oníkẹ̀kẹ́ ní tirẹ̀ ń bá ọkọ̀ lọ ní apá ọ̀tún, kí wọ́n tẹ̀lé ara wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Gíláàsì pupa tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, àpò èédú máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ tú u, kí ẹ so ó mọ́ ẹ̀yìn ẹrù.

Ẹ̀yin zémijàn, casque tí ẹ fi kọ́ apá alùpùpù, igbá lásán ni. OMS sọ pé casque tí a dé dáadáa lè dín ewu ikú kù ní ìlọ́po tó ju mẹ́fà lọ. Kí a dè é nísàlẹ̀ àgbọ̀n. Ẹni tí ẹ gbé sẹ́yìn ńkọ́? Orí tirẹ̀ náà, orí ni. Àwọn obìnrin máa ń sọ pé àwọn ò fẹ́ òógùn ẹlòmíràn: ẹ fi ìborùn fẹ́lẹ́ sábẹ́ rẹ̀, gèlè gíga ni kò bá a mu.

Ní ti awakọ̀, ẹni tó mu sódàbì níbi ìsìnkú lọ́jọ́ sátidé, kó sùn síbẹ̀. Ògún ló ni irin, a mọ̀, a sì ń bọ ọ́, ṣùgbọ́n frein tó ti jẹ tán, ẹni tó ni ọkọ̀ ni yóò pààrọ̀ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ sójú ọ̀nà, ẹ já ewé àti ẹ̀ka igi sílẹ̀ láti òkèèrè, ó kéré tán 100 mítà, kì í ṣe ní ìdí ọkọ̀.

Àwọn abúlé kan máa ń dá òkìtì mọ ojú títì fúnra wọn lóru. A mọ ohun tó fà á, ẹni tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ ò lè dúró de ìwé àṣẹ. Àmọ́ òkìtì tí kò ní àmì, tí a ò kun ní funfun, ń gbé alùpùpù ṣubú. Ẹ kọ̀wé sí mairie kí wọ́n ṣe dos d'âne gidi, kí ẹ fi orúkọ àwọn tó ti kú níbẹ̀ sínú ìwé náà. CNSR ni iléeṣẹ́ tí ìjọba fi ọ̀rọ̀ ààbò ojú títì lé lọ́wọ́ ní Benin.

Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kí àwọn méjì kọ́kọ́ lọ dá ọkọ̀ tó ń bọ̀ dúró ní ìhà méjèèjì. Ẹ má yọ casque lórí ẹni tó ṣubú tó bá ṣì ń mí, ẹ má gbé e lápá lẹ́sẹ̀ sínú ọkọ̀, ẹ má fún un lómi mu. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà, ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ má sì tú u wò. Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ epo tàbí alùpùpù tó ru kpayo ló dojú dé, ẹ jìnnà sí i, ẹ má gbọ́n epo, ẹ má tan iná. Ẹ pe pompier ní 118. Ẹ sọ orúkọ abúlé yín, ìlú tó wà níwájú àti ìlú tó wà lẹ́yìn, àti nọ́ńbà tó wà lára òkúta kìlómítà tó sún mọ́ yín.