Àrokò Lára Aṣọ: Iṣẹ́ Ọnà Nínú Ìtọ́jú Àwọn Ológun Tí Wọ́n Fipá Bá Lò Pọ̀

Ní Amẹ́ríkà, bí ajagunfẹ̀yìntì bá lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún wọn, wọ́n á bi í bóyá ẹnì kan fipá bá a lò pọ̀, tàbí fi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ yọ ọ́ lẹ́nu, nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Nínú obìnrin mẹ́ta, ó tó ẹnì kan tó ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Láàárín ọkùnrin, ẹnì kan ni nínú 50. Ní 1992 ni òfin fàyè gba ìtọ́jú fún àwọn obìnrin tọ́rọ̀ kàn. Ní 1994, ó kan àwọn ọkùnrin náà. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì dìgbà téèyàn bá ti fẹjọ́ sùn.

Ìtọ́jú wà, ẹnu ni kò yá. Ẹni tó hùwà náà lè jẹ́ ọ̀gá tó ń pàṣẹ, ó sì lè jẹ́ ẹni tí wọ́n jọ ń gbé bárékè. Ibí ni iṣẹ́ ọnà ti wúlò: ó ń jẹ́ kéèyàn pa àrokò ohun tí kò tíì lè fẹnu sọ, kó sì fúnra rẹ̀ pinnu ibi tó máa sọ ọ́ dé.

Ní 1990, àwọn obìnrin kan ní Hyannis, ìpínlẹ̀ Massachusetts, sá ẹ̀wù 31 sórí okùn ní gbangba. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló nítumọ̀: funfun jẹ́ ti ẹni tí ìwà ipá pa, pupa, píǹkì àti àwọ̀ ọsàn jẹ́ ti ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì ń ṣe irú rẹ̀ lóṣù Kẹrin. Ẹni tọ́rọ̀ kàn á mú ẹ̀wù, á ya ohun tó bá wù ú sí i. Kò pọn dandan kó kọ orúkọ.

Yúnífọ́ọ̀mù gan-an ni ètò kan tó ń jẹ́ Combat Paper ń lò. Drew Cameron, tó ti ṣe iṣẹ́ ológun ní Ìráàkì, àti Drew Matott, tó ń fọwọ́ ṣe bébà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Burlington, ìpínlẹ̀ Vermont, ní 2007. Wọ́n á gé aṣọ náà wẹ́wẹ́, wọ́n á dà á sínú ẹ̀rọ pẹ̀lú omi, ẹ̀rọ á lọ̀ ọ́ títí yóò fi kúnná bí ògì. Wọ́n á fi asẹ́ gbé e, wọ́n á tẹ omi rẹ̀ jáde, wọ́n á sá a. Bébà tó bá jáde ni wọ́n ń kọ ewì tàbí ya àwòrán sí. Fún ẹni tí aṣọ yẹn ń rán létí ìwà ìkà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Ní ilé ìwòsàn àwọn ológun ní Bethesda, ìpínlẹ̀ Maryland, ìbòjú ni Melissa Walker, olùtọ́jú tó ń lo iṣẹ́ ọnà, bá àwọn ológun ṣe. Ọpọlọ tó fara gbọgbẹ́ àti ìdààmú ọkàn ló gbé ọ̀pọ̀ wọn wá síbẹ̀, kì í ṣe ìfipábánilòpọ̀ nìkan. Nígbà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìbòjú 370 wò, ojú tó là sí méjì wà lára àmì tí wọ́n rí.

Síbẹ̀, ìtọ́jú téèyàn fi ń bá onímọ̀ sọ̀rọ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù. Ìwádìí lórí iṣẹ́ ọnà ṣì kéré, èèyàn díẹ̀ ló sì máa ń wà nínú wọn. Kò yẹ kí ilé ìwòsàn fi ẹ̀wù sísá dípò olùtọ́jú, kò sì yẹ kí wọ́n gbé iṣẹ́ ẹnikẹ́ni síta láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.