Omi Gbígbóná àti Ẹni Tó Gba Àlejò

Ní agboolé Ìdáàṣà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, bó ṣe rí náà ní Èkìtì, nǹkan méjì ni àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn dé máa ń kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ onílé: omi mímu, àti omi tí wọ́n ti gbé kaná kó fi wẹ̀. Ìyàwó ilé á ti gbé ìkòkò lé ààrò kí àlejò tó kí ará ilé tán. Á bu omi náà sínú garawa, á fi omi tútù là á, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ wò bóyá ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó, kó tó gbé e lọ sí balùwẹ̀. Wọn kì í bi àlejò bóyá ó fẹ́ wẹ̀. Eruku ara rẹ̀ ti sọ ọ́.

Ní Paouignan, níbi tí ẹ̀yà Máhì àti Ìdáàṣà ti ń gbé pọ̀ ní ẹsẹ̀ àwọn òkè Dassa-Zoumè ní Bẹ̀nẹ̀, igi ìdáná ló ń mú omi bẹ́ẹ̀ gbóná. Àpáta ràbàtà ni àwọn òkè náà. Òjò ń rọ̀ sínú kòtò orí wọn, ó ń dúró níbẹ̀, ó sì ń tutù. Ẹni tó bá fẹ́ rí omi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ gbé kaná, àfi kó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gúúsù, sí Possotomé létí adágún Ahémé, tàbí kó kọjá ààlà lọ sí Ìkògòsì ní Èkìtì. Ti Ìkògòsì ni ìtàn rẹ̀ gùn jù nínú ọ̀rọ̀ ilé àlejò, nítorí ó ti lé ní 70 ọdún tí oríṣiríṣi ọwọ́ ti ń gbìyànjú láti sọ etí omi náà di ibi tí àjèjì lè sùn mọ́jú.

Jàpáànì ni ayé máa ń tọ́ka sí bí a bá ń sọ̀rọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní àgbègbè Yamanashi, ilé àlejò kan wà tó ń jẹ́ Nishiyama Onsen Keiunkan. Ọdún 705 ni wọ́n sọ pé wọ́n dá a sílẹ̀, ìwé Guinness sì gbà ní 2011 pé òun ni òtẹ́ẹ̀lì tó dàgbà jù láyé. Ìran bí 50 ló ti gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Ilé Hōshi, ní Awazu, ń ka ọjọ́ orí tirẹ̀ láti 718. Àlejò tó bá dé irú ilé yìí á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á fún un ní aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó máa ń lọ́ mọ́ra, yukata ni wọ́n ń pè é, òun ni yóò sì wọ̀ títí tí yóò fi lọ. Orí ẹní tí wọ́n fi koríko hun ni yóò jókòó sí, orí ẹní náà ni wọ́n á tẹ́ ibùsùn rẹ̀ sí lálẹ́, oúnjẹ á sì wá bá a nínú yàrá. Àmọ́ kó tó wọ inú omi, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọṣẹ wẹ ara rẹ̀ mọ́ tónítóní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, nítorí gbogbo ènìyàn ló jọ ń lo omi kan náà. Omi tí wọ́n ń wọ̀ kì í ṣe ti ìdọ̀tí. Ti ìsinmi ni.

Kì í ṣe ọlọ́rọ̀ nìkan ló gbé àwọn ilé yìí ró. Láyé àtijọ́, àwọn àgbẹ̀ Jàpáànì máa ń kó ìrẹsì àti ìkòkò wọn dání lẹ́yìn ìkórè, wọ́n á gba yàrá létí omi gbígbóná, wọ́n á máa dáná fúnra wọn, wọ́n á sì máa wẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ara tó ti ṣiṣẹ́ oko lè padà bọ̀ sípò. Omi Atami lókìkí débi pé wọ́n máa ń fi àgbá ru ú lọ bá olórí ogun tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà ní Edo, ìlú tó di Tokyo lónìí. Iná abẹ́ ilẹ̀ pọ̀ ní Jàpáànì, òkè tó ń yọ iná sì pọ̀ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìsun omi gbígbóná fi wà níbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí a fi ojú sí ni pé ìdílé kan dúró ti omi kan, ọmọ ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ baba.

Ìkògòsì kò sún mọ́ òkè oníná kankan. Ìlú náà wà láàárín òkè àti igbó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì tí Àrámọ̀kọ́ jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti Erìnjìyàn kò jìnnà sí i. Àlàyé àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ni pé òjò ló ń wọ inú lílà àwọn àpáta lọ sí ìsàlẹ̀ jíjìn, níbi tí ooru inú ilẹ̀ ti ń mú un, lẹ́yìn náà ó ń bá lílà mìíràn gòkè wá. Ọ̀pọ̀ ìwé àti pátákó ló sọ pé omi náà gbóná tó 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní orísun rẹ̀. Àwọn tó fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́ rí i pé ó sún mọ́ 37, bí ìgbóná ara ènìyàn gan-an, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà látọdún dé ọdún. Iye yìí kò tó ohun tí ó yẹ kó dójú ti ẹnikẹ́ni. Òfin tí Jàpáànì ṣe ní 1948 gba omi tó bá ti inú ilẹ̀ jáde pẹ̀lú ìgbóná 25 gẹ́gẹ́ bí ojúlówó omi gbígbóná. Ìkògòsì fi 12 ju ìyẹn lọ, kò sì nílò àbùmọ́.

Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé omi tútù kan ń ṣàn wá láti ọ̀nà tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì pàdé nísàlẹ̀. Ẹni tó bá dúró níbi ìpàdé náà lè fi ẹsẹ̀ kan sínú èyí tó tutù, kó fi èkejì sínú èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó sì mọ ìyàtọ̀ wọn kedere. Omi náà mọ́, kò ní òórùn, iyanrìn sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará ìlú ní ìtàn tiwọn lórí rẹ̀: ọkùnrin kan ló ní ìyàwó méjì, ọ̀kan jẹ́ oníwà tútù, èkejì gbóná bí ata, ìjà wọn ló di omi méjì, ọkọ wọn sì di òkè tó ga sókè orísun náà. Àwọn mìíràn ní ọdẹ ló kọ́kọ́ rí omi náà nínú igbó. Èyí ó wù kó jẹ́, omi tí wọ́n ń bọ ni, tí wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún, kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan owó àlejò.

Kí ló dé tí ilé àlejò kò fi hù létí irú omi bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bí àwọn baba wa ṣe ń gba àlejò. Ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, àjèjì kì í wọ ìlú láìní onílé. Ìbátan ni, tàbí oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí ìjòyè tí ọba yàn. Onílé yìí ló ń bọ́ ọ, òun ló ń bá a dúró níwájú ọba, òun náà ni wọ́n á bi bí àlejò bá ṣe ohun tí kò tọ́. Nígbà tí arìnrìn-àjò Hugh Clapperton ti Bìrìtìkó gba Badagry wá sí Ọ̀yọ́ Ilé ní ìparí 1825 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1826, kò sí alẹ́ kan tó sanwó yàrá. Ìlú kan ń fà á lé ìlú kejì lọ́wọ́ ni, títí tó fi dé ọ̀dọ̀ Aláàfin, níbi tí wọ́n ti fún un ní ilé tó gbé fún ohun tó lé ní oṣù kan. John Duncan, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tẹ́lẹ̀ rí, rìn la ilẹ̀ Máhì kọjá ní 1845, àwọn ẹ̀ṣọ́ Ghezo ọba Dàhòmì sì tẹ̀ lé e. Ìlú kọ̀ọ̀kan gbà á lálejò. Kò yẹ kí a gbàgbé pé ìbẹ̀rù Dàhòmì wà nínú irú àlejò ṣíṣe bẹ́ẹ̀: ọmọ ogun Dàhòmì ti kó ọ̀pọ̀ ọmọ Máhì àti Ìdáàṣà lẹ́rú, àwọn òkè wọ̀nyí sì ni ibi ìsásí wọn.

Ìjọba Faransé ló mú àṣà mìíràn wá. Ojú irin láti Cotonou gba Paouignan àti Dassa kọjá, ó dé Savè ní 1911, ó sì dé Parakou ní 1936. Òṣìṣẹ́ ìjọba nílò ibi tí yóò sùn láìjẹ́ gbèsè ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ àwọn ilé tí wọ́n ń pè ní campement. Ní apá àwọn Gẹ̀ẹ́sì, rẹ́sítì háòsì ló jẹ́. Àwọn ilé yìí ní bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní ìṣáná àti àtùpà, wọ́n sì ní ọkùnrin kan tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Wọn kò ní onílé. Èrò òǹkọ̀wé yìí ni pé ibẹ̀ ni ìyapa ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ilé àlejò ìjọba àti àlejò ṣíṣe ti ìlú, a kò sì tíì so wọ́n pọ̀ dáadáa títí di òní.

Irú ọ̀nà yẹn náà ni Ìkògòsì gbà. Ní 1952, John S. McGee, ajíhìnrere Ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, rí ibẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ibùdó fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ rẹ̀. Ó yẹ kí a yìn ín. Òun ló kọ́kọ́ rí i pé ènìyàn lè kúrò nílé rẹ̀, kó wá sùn sí etí omi náà nítorí omi náà nìkan. Ibùdó àwọn ọ̀dọ́ ni ṣá o: àdúrà, orin àti ẹ̀kọ́ Bíbélì ló gbé wọn wá, wíwẹ̀ sì jẹ́ ìgbádùn tó tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba gbọ́ òórùn owó arìnrìn-àjò afẹ́. Ìkògòsì kúrò nínú Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn bọ́ sínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà tí wọ́n dá ìyẹn sílẹ̀ ní 1976, ó sì bọ́ sọ́wọ́ Èkìtì ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1996. Ohun tó máa ń bá irú ibi bẹ́ẹ̀ nìyí: ìjọba kan á kọ́ ilé, èyí tó tẹ̀ lé e á jẹ́ kí koríko bò ó. Kayode Fayemi tún ibẹ̀ ṣe nígbà tó kọ́kọ́ jẹ gómìnà láàárín 2010 sí 2014. Nígbà tó padà wá ní 2018, ìjọba rẹ̀ fi ibùdó náà lé ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Omi náà ti wọ inú ìgò pẹ̀lú, wọ́n ti tà á ní orúkọ Gossy, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó sì ti mu Ìkògòsì láìmọ̀ pé ó gbóná nígbà tó jáde. Ní apá Àríwá, omi Wikki nínú igbó ẹranko Yankari ní Bauchi, tí ìgbóná rẹ̀ jẹ́ bí 31, rí irú ìtàn ìjọba kan náà láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí igbó náà fún àlejò ní 1962.

Ka ọwọ́ tó ti di Ìkògòsì mú: àwọn abọrẹ̀, ìjọ, ìpínlẹ̀ mẹ́ta, ilé iṣẹ́. Kò sí èyí tó dúró pẹ́ tó kó lè fi iṣẹ́ náà kọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹni tó ń gba àlejò níbẹ̀ lónìí kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹni tó gba ti àná, ọgbọ́n ọwọ́ kọ̀ọ̀kan sì ń bá ọwọ́ náà lọ.

Nígbà tí ìyẹn ń lọ lọ́wọ́, Dassa ń kọ́ iṣẹ́ náà láìní omi gbígbóná rárá. Ní 1954, Bíṣọ́ọ̀bù Louis Parisot sọ ihò àpáta Arigbo di ibi ìrìnàjò mímọ́ fún Màríà. Láti ìgbà náà, ní oṣù Kẹjọ ọdọọdún, èrò ń wọ́ wá láti gbogbo Bẹ̀nẹ̀, láti Tógò àti Nàìjíríà. Òtẹ́ẹ̀lì kì í gba wọn. Àwọn kan á tẹ́ ẹní sí ìta, àwọn kan á wọ̀ sí ilé ẹni tí wọn kò mọ̀ rí, ọ̀nà tó gba Paouignan wá láti Bohicon á sì kún fún ọkọ̀. Obìnrin tó fi yàrá kan gba ìdílé kan lálejò lọ́dún yìí lè rí ìdílé kan náà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, láìsí lẹ́tà. Ohun tí àwọn ilé Jàpáànì fi ń yangàn nìyẹn, òun ló sì ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé bíríkì onípáànù lẹ́sẹ̀ òkè.

Possotomé náà ti rí ọ̀nà yìí. Omi ibẹ̀ ń wọ inú ìgò lábẹ́ orúkọ ìlú náà, ṣùgbọ́n àlejò kò dúró sórí ìgò. Ẹgbẹ́ Eco-Bénin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999, ń bá àwọn ará abúlé ṣe é kí àlejò lè bá apẹja wọ ọkọ̀ ojú omi lórí Ahémé, kí ọ̀dọ́ ìlú sì jẹ́ amọ̀nà. Ẹgbẹ́ náà ti ṣe irú rẹ̀ ní Camaté-Shakaloké láàárín àwọn òkè Ìdáàṣà. Owó àlejò ń dé ọwọ́ ẹni tó gbé omi kaná.

Ìkògòsì lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú ìlú: yàrá tó mọ́, iyán ọ̀sán, garawa ní balùwẹ̀, àti ọmọ ilé kan tí yóò sin àlejò lọ sí etí omi kí oòrùn tó ràn. Bí ibùdó bá kún nígbà Kérésìmesì àti Àjíǹde, kí wọ́n máa darí àlejò sí àwọn ilé wọ̀nyí dípò kí wọ́n dá wọn padà sí Adó-Èkìtì.