Owó Kòkó, Tẹlifíṣọ̀n àti Ọpọ́n Ìmọ̀

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Gbogbo wa la ti ka èyí nínú ìwé ìtàn, a sì ti kọ ọ́ sínú ìdánwò pé ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló ṣe é. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ìwé wa kì í sábà dáhùn: owó ta ni wọ́n fi ṣe é? Ipasẹ̀ owó náà ni mo fẹ́ tọ̀ nínú àròkọ yìí, nítorí mo gbà pé òun ló máa ń sọ ètò tí yóò pẹ́ àti èyí tí yóò kú ní kékeré.

Apá tó tóbi nínú owó náà, inú oko kòkó ló ti wá. Láti 1947, àgbẹ̀ kò lè ta kòkó rẹ̀ sókè òkun fúnra rẹ̀. Bọ́ọ̀dù tí ìjọba dá sílẹ̀ ló ń rà á ní iye tí òun fúnra rẹ̀ bá dá lé e, tí ó sì ń tà á ní iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ọjà bá dára. Wọ́n ní àwọn ń fi èlé náà pamọ́ de ọdún tí ọjà bá wó. Nígbà tí wọ́n pín bọ́ọ̀dù náà fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní 1954, ìṣúra ńlá bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ìbàdàn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í náwó nínú rẹ̀ fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń pè é ní ọ̀fẹ́, ká rántí pé àwọn àgbẹ̀ ti sanwó sílẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀ pé àwọn ń san án.

Apá kejì ni owó orí, èyí ni wọ́n mọ̀ dáadáa! Ní oṣù keje 1952, S. O. Awokoya tó jẹ́ mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́ gbé àbá rẹ̀ síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Láti rówó ṣe é, ìjọba bu owó orí àfikún lé àwọn ènìyàn fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ariwo sọ. Àwọn kan ní ta ni yóò máa bá àwọn ro oko bí gbogbo ọmọ bá lọ sí ilé-ìwé. Nígbà tí ìdìbò ìjọba àpapọ̀ dé ní 1954, ẹgbẹ́ Alákùkọ gba àga 23 ní Ìwọ̀-Oòrùn, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ tó ń ṣèjọba gba 18 péré. Owó orí yìí wà lára ohun tó fà á. Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn yìí nìyí: wọ́n fìdí rẹmi nítorí ètò náà, síbẹ̀ wọn kò dá a dúró. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn ṣí.

Ní 1954, ọmọ 456,600 ló wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1955, wọ́n di 811,432. Ìyá ìyá mi wà lára wọn. Wọ́n sọ fún mi pé kò sí ìwé ọjọ́-ìbí nígbà náà. Tíṣà á ní kí ọmọ gbé apá ọ̀tún kọjá lórí kó fi ìka kan etí òsì. Bí ọwọ́ kò bá tó o, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọwọ́ tiwọn tó o. Ọwọ́ àbúrò wọn kò tó o, wọ́n ní ẹkún tó sun lọ́jọ́ náà, gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Sílétì ni wọ́n ń kọ̀wé sí, ìjókòó kò sì tó.

Tíṣà pàápàá kò tó. Ìjọba ṣí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni púpọ̀ sí i, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ni kò tíì gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan. Ìgbìmọ̀ tí Banjo ṣe alága fún, tí ó yẹ ètò náà wò ní 1960 sí 1961, sọ ọ́ kedere. Ẹni tó bá ń sọ pé ohun gbogbo dára láyé ọjọ́un kò tíì ka ohun tí àwọn ará ayé ọjọ́un fúnra wọn kọ. Ṣùgbọ́n ìjọba kò fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ẹ̀ẹ̀kan: ọdọọdún ni ó ń gba ìpín ńlá nínú ètò ìṣúná. Ìlà-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1957. Kò pé ọdún méjì tí owó fi tán, wọ́n sì dá owó ilé-ìwé padà fún àwọn kíláàsì kan.

Àìtó tíṣà yìí wà lára ìdí tí wọ́n fi dá tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959. A máa ń yangàn pé òun ni àkọ́kọ́ nílẹ̀ adúláwọ̀, a sì ń gbàgbé pé wọ́n sọ pé yóò ran ilé-ìwé lọ́wọ́ níbi tí olùkọ́ tó dáńtọ́ kò bá sí. Èrò náà dára. Àmọ́ tẹlifíṣọ̀n ń fẹ́ iná, abúlé ìyá ìyá mi kò sì ní iná. Kò pẹ́ tí ìpolówó ọjà àti fíìmù òkèèrè fi gba púpọ̀ nínú àyè ẹ̀kọ́.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó lówó jù wá lọ. Nígbà tí ọrọ̀-ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, Ààrẹ Obama fọwọ́ sí òfin kan ní oṣù kejì 2009 láti gbé e dìde pẹ̀lú bílíọ̀nù 787 dọ́là. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 100 nínú rẹ̀ lọ sí ẹ̀kọ́, mílíọ̀nù 650 sì wà fún ẹ̀rọ ìgbàlódé ní ilé-ìwé. Owó náà gba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ olùkọ́ là, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n owó ẹ̀ẹ̀kan ni. Nígbà tó fi di 2011, ìjọba wọn kò fi owó tuntun sí ètò ẹ̀rọ náà mọ́, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà tí a rà lónìí ń fẹ́ àtúnṣe lọ́la.

Ní 2013, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde lábẹ́ Gómìnà Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá. Orúkọ náà dùn mọ́ mi, torí ó mú ọpọ́n Ifá wá síkàwọ́ ọmọ ilé-ìwé. Ìwé kíkà, ìbéèrè ìdánwò ọdún tó ti kọjá àti ẹ̀kọ́ kíláàsì ló wà nínú rẹ̀, ìjọba sì kéde pé òun yóò pín 150,000. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ kò ṣe é fi ṣẹ̀sín, nítorí ìwé tó pọ̀ tó báyẹn, òbí wo ló lè rà á? Ìbéèrè tèmi ni ti 1955: lẹ́yìn ọdún kìíní, owó wo ni yóò máa tún un ṣe? Mo mọ ilé-ìwé kan, kì í ṣe ní Ọ̀ṣun, tí kọ̀ǹpútà wà lábẹ́ aṣọ nínú yàrá tí wọ́n tì pa, torí kò sẹ́ni tó ra epo sí jẹnẹrétọ̀.

Owó tó ń wá lọ́dọọdún sì wà o. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá 2 nínú 100 owó rẹ̀ fún un. Kí ìpínlẹ̀ kan tó lè gba ìpín tirẹ̀ fún kíkọ́ kíláàsì àti ríra irinṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé iye kan náà kalẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan kì í gbé e kalẹ̀, owó náà á sì wà níbẹ̀. Bàbá mi wà nínú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ilé-ìwé wa. Mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n béèrè ní ìpàdé tó ń bọ̀ bóyá ìpínlẹ̀ wa ti san tirẹ̀ fún ọdún yìí.