Bílíọ̀nù kan, ìtumọ̀ méjì

Ká ní àpò ìrẹsì 100 ni oníṣòwò kan tà lóṣù tó kọjá. Wọ́n wá kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ohun tó tà lóṣù yìí jẹ́ "three times more". Àpò mélòó ló tà?

Àwọn kan á ní 300. Lójú tiwọn, "times" ti ní ká sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àwọn mìíràn á ní 400, nítorí "more" ni wọ́n dì mú: 300 lé lórí 100 àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí 300 dá gbogbo ènìyàn lójú, "three times as many" ni kó kọ. Etí Yorùbá tètè ń gbọ́ ìyàtọ̀ yìí, torí òǹkà wa sábà máa ń dárúkọ ìpìlẹ̀ àti ohun tó lé lórí rẹ̀: mẹ́tàlélógún, mẹ́ta lé lórí ogún.

Wàhálà tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "billion", dá sílẹ̀ tún ju ìyẹn lọ. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Nicolas Chuquet, kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò rẹ̀ ní 1484: mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù, 1 tí òdo 12 tẹ̀ lé. Nígbà tó yá, àwọn ará Faransé mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í fi pe ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù, òdo 9 péré. Èyí ni Amẹ́ríkà gbà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di òdo 12 mú. Nítorí náà, láyé ìgbà yẹn, bí ìwé kan bá ní gbèsè ìjọba fi "one billion" lé sí i, ohun tí ará London máa ń rò jẹ́ ìlọ́po 1,000 èyí tí ará New York máa ń rò. Àlàfo ńlá gbáà ni, pàápàá nínú ọ̀rọ̀ owó ìlú.

Ní oṣù Kejìlá 1974, aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Robin Maxwell-Hyslop, bi Harold Wilson, olóòtú ìjọba, bóyá yóò ní kí àwọn mínísítà máa lo ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Wilson kọ̀. Ó ní ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ni wọ́n ń fi pè káàkiri àgbáyé. Ìdáhùn ráńpẹ́ nìyẹn, àmọ́ ìtumọ̀ tí àwọn àgbà ti kọ́ nílé ìwé di ohun àtijọ́ lẹ́nu ìjọba.

Faransé tó bẹ̀rẹ̀ ìyípadà náà ti padà sí òdo 12 lábẹ́ òfin ní 1961. "Milliard" ni wọ́n ń pe ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù. Ìdí nìyí tí ọmọ Yorùbá ní Kétu, ní Benin, fi ń ka "milliard" nínú ìwé ìròyìn, tí ẹnìkejì rẹ̀ l'Ékòó ń ka bílíọ̀nù, tí iye náà sì jẹ́ ọ̀kan náà. Bí atúmọ̀ èdè bá kàn gbé "billion" inú ìwé Faransé sínú ti Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà, òdo mẹ́ta ti já bọ́ lójú ọ̀nà.