Ọyẹ́ Nínú Ìtàn: Àwọn Ọdún Tí Ó Mú Kọjá Ààlà

Àwọn ará Amẹ́ríkà a máa kọ ọdún tí yìnyín bo ilé wọn mọ́lẹ̀ sínú ìwé, débi pé ọmọ tí a kò tíì bí nígbà náà yóò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ a-lani-létè-lani-lẹ́sẹ̀, tí í ṣe òtútù tiwa, a máa wá, a máa lọ, àwọn tí í kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ kò sì tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọdún kan wà tí kò fi mọ sórí ètè àti ẹsẹ̀, tí ó wọ oko, tí ó sì wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ odidi orílẹ̀-èdè.

Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó ti ń bọ̀. Ní ilẹ̀ Chad, nítòsí òkè Tibesti àti òkè Ennedi, ilẹ̀ kòtò kan wà tí à ń pè ní Bodélé, ìsàlẹ̀ adágún ńlá ayé àtijọ́ tí omi rẹ̀ ti gbẹ. Afẹ́fẹ́ tí ó gba àárín òkè méjèèjì kọjá ni í gbọn ẹrẹ̀ gbígbẹ ibẹ̀ lọ sójú ọ̀run, títí yóò fi dé Ajílété lọ́dọ̀ wa ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, níbi tí oòrùn òwúrọ̀ yóò ti yọ tí a ó lè wò ó lójú kòrókòró, tí àwọn ìyá yóò sì máa fi òrí pa ọmọ lára kí wọ́n tó gbé e síta.

Ní ọdún 1781 ni Matthew Dobson, oníṣègùn kan ní Liverpool, gbé àkọsílẹ̀ kan jáde nínú ìwé Ẹgbẹ́ Royal Society ti Lọ́ńdọ̀nù, lórí ohun tí Robert Norris rí nípa ọyẹ́ ní etíkun Dàhómì, tí kò jìnnà sí ilẹ̀ Ẹ̀gbádò: bí pákó ti ń là, àti bí ewéko ti ń rọ. Oníṣòwò ẹrú ni Norris; ó dùn mí pé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni àkọsílẹ̀ náà ti wá, ṣùgbọ́n òun ni a rí lò.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1973, nígbà tí ọ̀dá ń pa ẹran àti ènìyàn ní etí aṣálẹ̀, bàálù Boeing 707 tí ó ń kó àwọn arìnrìn-àjò Mẹ́kà bọ̀ láti Jeddah kò lè balẹ̀ sí Èkó nítorí ojú ọjọ́, ó yà sí Kánò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán lójú ọ̀nà tí ó ti ń balẹ̀, ó sì gbiná. Nínú ènìyàn 202, 176 ni ó kú. N kò ní di gbogbo ẹ̀bi ru ojú ọjọ́, nítorí wọ́n ní kòtò wà lójú ọ̀nà náà.

Ṣùgbọ́n ọyẹ́ 1983 ni baba gbogbo wọn. Òjò ti kùnà ṣáájú, igbó ti gbẹ kí afẹ́fẹ́ náà tó dé. Iná tí ọdẹ dá láti lé ọ̀yà jáde a máa wọ oko ẹni tí kò ṣá ìṣáná, nítorí bí òjò kò ti bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni iná ọyẹ́ kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Iná ń jó lóko, màjàlà ń ṣòfófó nílé, ní Gánà, ní Ivory Coast, ní Tógò. Ewé kòkó gbígbẹ tí í mú ilẹ̀ tutù lábẹ́ igi ni ó wá di ìdáná. Iná náà kì í ga, a máa rọra rìn nílẹ̀, ṣùgbọ́n èèpo kòkó fẹ́lẹ́, bí ó bá ti yí ìdí igi ká tán, igi náà yóò kú lóòró.

Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún náà gan-an ni ìjọba Shagari lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Gánà, tí wọ́n ru ẹrù gba etíkun kọjá, tí wọ́n sì há sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, nítorí pé Gánà ti ti ẹnubodè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá délé nígbẹ̀yìn, ebi ni ó kí wọn káàbọ̀. Kòkó Gánà, tí ó ju 500,000 tọ́ọ̀nù lọ ní 1964 sí 1965, kò tó 160,000 mọ́ ní 1983 sí 1984. Omi ìsédò Akosombo ní Gánà, níbi tí Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ti ń ra iná mànàmáná, sì fà. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò tún kòkó gbìn mọ́ sórí ilẹ̀ tí ó jóná. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi sí i, àwọn mìíràn sì kó lọ sí ìwọ̀-oòrùn Gánà láti wá igbó tútù.